Ọjọ́ Tí Mo Pààrọ̀ Oògùn Àyúbà

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kó wọlé. Ẹni tó ń tẹ fóònù, kó fi í sápò. Ìwọ ìyá tó pọn ọmọ, sún síwájú dáadáa, ọmọ náà á gbọ́ tiẹ̀. Ìtàn mi ò gùn, ṣùgbọ́n ó ní egungun nínú bí ẹja ọ̀bọ̀kún, ẹ rọra jẹ ẹ́. Èmi Afusat, Ìyá Àyúbà, ẹlẹ́ja yíyan ní Awoyaya, tí mi ò kọjá ìwé kejì, èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìfẹ́ pa ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi bí. Ẹ bá mi gbè é:

*Mo mọ̀ ọ́n tán o,*
*Ó kù díẹ̀ o!*
*Mo gbọ́ ọ tán o,*
*Ó kù díẹ̀ o!*
*Àgbà tó ní gbogbo ẹ̀ ti yé òun,*
*Ó kù díẹ̀ o, ó kù díẹ̀!*

Ẹ ṣeun. Ohùn yín dára ju tèmi lọ, irọ́ ni mo pa.

Ọdún tí wọ́n tú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ palẹ̀ tí wọ́n ń da kankéré sí i, tí eruku ń bà lé ẹja wa bí ìyẹ̀fun, ọdún yẹn ni. Gbogbo èsíteètì tó ń hù bí olú láti Àjà títí dé ọ̀dọ̀ wa, yanrìn ni wọ́n ń bèèrè. Àyúbà ọmọ mi ló sì ń wa yanrìn lábẹ́ ọ̀sà. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà, ẹ jẹ́ n sọ ọ́: wọn á gbé ọkọ̀ igi jáde ní ìdájí, wọn á ri àkàbà gígùn mọ́ ilẹ̀ omi, ọkùnrin á di garawa mú, á tẹ àkàbà náà sọ̀kalẹ̀ títí omi á fi bo orí ẹ̀, á wa yanrìn kún garawa, á gùn ún padà, á dà á sínú ọkọ̀. Á tún sọ̀kalẹ̀. Nígbà ọgọ́rùn-ún, nígbà àádọ́jọ, lójúmọ́ kan. Ìsàlẹ̀ yẹn ṣókùnkùn, ó tutù, etí á máa dun èèyàn bíi pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un.

Àwọn tó ń wa yanrìn ní egbòogi kan tí wọ́n ń pè ní pupa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé ń pè é ní tírámádọ̀ọ̀lù. Wọ́n ní ó ń pa òtútù, ó ń pa ìrora. Èmi pàápàá mọ̀ pé Àyúbà ń lò ó, mi ò sì sọ nǹkan kan. Ṣebí ọsibítù ń fún ẹni tí wọ́n bá là ní inú lò? Ohun tí dókítà ń fúnni, ibi wo ló ti fẹ́ pani? Bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Ọ̀kan di méjì, méjì di mẹ́rin. Nígbà tó yá, kì í ṣe torí omi ló fi ń lò ó mọ́. Tí kò bá lò ó, kò lè gbé apá.

Mo pe àwọn ẹbí. Wọ́n ní agídí ni, wọ́n ní kò nítìjú. Wọ́n gbé Kùránì fún un, ó búra. Ọjọ́ kẹfà, ó tún lò ó. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní ká dè é mọ́lẹ̀ fún oṣù kan. Nùsírátù, ìyàwó Àyúbà, tí kì í sọ̀rọ̀ láàárín àgbà, ló dáhùn lọ́jọ́ náà.

"Bí ibà bá mú un, Bàbá, ṣé ẹ máa fi ṣẹ́ẹ̀nì dè é ni?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó mú ọkọ rẹ̀, ó gbé e lọ sí ilé ìlera, èmi náà tẹ̀ lé wọn.

Níbẹ̀ la ti pàdé Nọ́ọ̀sì Àníọlá. Ọmọdébìnrin ni, Thomas Estate ló ń gbé, ó wọ awòjú tó tóbi ju ojú ẹ̀ lọ. Dókítà yẹ Àyúbà wò, ó ní wọn á máa dín oògùn náà kù fún un díẹ̀díẹ̀ títí tí ara á fi gbàgbé rẹ̀. Wọ́n di ti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sínú àpò bébà kéékèèké, wọ́n ya oòrùn sí ti àárọ̀, wọ́n ya òṣùpá sí ti alẹ́, nítorí mi ò mọ̀wé. Èmi ni wọ́n ní kí n mú un dání, torí àbúrò Nùsírátù bímọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó fẹ́ lọ bá a tọ́jú ọmọ, Àyúbà àti àwọn ọmọ rẹ̀ á sì máa gbé lọ́dọ̀ mi.

Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, oògùn kan náà ni o, àmọ́ èyí kéré sí ti ìta. Ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó dáwọ́ dúró lójijì. Ó yé yín?"

Mo ní, "Ó yé mi dáadáa, ọmọ mi. Ọlọ́run á gbọ́ tìẹ náà."

Kí ló yé mi? Kò yé mi! Àmọ́ lọ́dọ̀ tiwa, àgbà kì í jókòó síwájú ọmọ tó lè bí kó ní ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò yé òun. Èèyàn á ní ó yé òun, á ṣàdúrà fún ọmọ olọ́mọ, á sì máa lọ sílé ẹ̀. Gbólóhùn kan péré ló wọ etí mi: *oògùn kan náà ni*.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, mo ń fún un bí wọ́n ṣe ní. Ara rẹ̀ ń balẹ̀. Ó ń jẹun, ó ń bá mi la igi, ó ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ṣeré. Inú mi ń dùn, orin ń jáde lẹ́nu mi láti àárọ̀. Bí inú èèyàn bá ti dùn báyìí, ìgbà yẹn ni Adétutù máa ń dé.

Adétutù ló ń ta igi ìdáná fún mi. Ó mọ gbogbo nǹkan láyé, àfi èyí tí kò mọ̀.

"Afusat, kí lo fún ọmọ yẹn gbé mì láàárọ̀?"

"Oògùn nọ́ọ̀sì."

"Irú oògùn wo?"

"Irú èyí tó ń lò náà ni. Wọ́n ní ó kéré sí i."

Ó ju igi sílẹ̀, ó gbọ́wọ́ lérí. "Yéè! Ejò bu ọmọ jẹ, o wá ń fún un lọ́mọ ejò jẹ! Wọ́n fẹ́ kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ wọn títí ayé ni. Ọkùnrin tó bá fẹ́ fi nǹkan sílẹ̀, ọjọ́ kan náà ló ń fi í sílẹ̀. Bàbá mi ò ju tábà nù láàárọ̀ ọjọ́ kan?"

"Ṣé bàbá ẹ tó ń fín in lẹ́yìn ilé ìyàgbẹ́ títí ó fi kú?"

"Ìyẹn yàtọ̀," ló wí.

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tó lọ, ọ̀rọ̀ náà kò bá a lọ. Ẹ gbọ́, èmi mọ ẹja. Tí ẹyọ kan bá ti rà lórí wáyà, a kì í ní ká máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. A ó jù ú nù ni, kó má baà ba èyí tó kù jẹ́. Mo ronú ọ̀rọ̀ ọmọ mi bí mo ṣe ń ronú ẹja. Mo kó oògùn nọ́ọ̀sì, mo dà á sínú ọ̀sà. Mo ra Panadó, mo ṣẹ́ ẹ sí méjì-méjì, mo rọ ọ́ sínú àpò bébà náà, oòrùn sí oòrùn, òṣùpá sí òṣùpá. Mo jó padà sílé:

*Mo gbà á lọ́wọ́ ọmọ mi, mo dà á sómi o,*
*Ọ̀sà gbé e lọ, má mà gbé e wá mọ́!*
*Àyúbà á dìde, á yan bí ọba,*
*Èmi ìyá ẹ̀ ni oníṣègùn!*

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kìíní, ó ń yán ṣáá, imú rẹ̀ ń ṣomi. Ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ yọ kóókóó bíi ti adìyẹ tí wọ́n tu ìyẹ́ rẹ̀, inú ń run ún, òógùn ń bọ́ lára ẹ̀, ó sì ń pariwo òtútù. Kò sùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta bíi ti ẹni tí kòkòrò wọ ṣòkòtò ẹ̀.

"Màmi, oògùn nọ́ọ̀sì ò ràn mí mọ́."

"Òtútù omi tó ti wọ egungun ẹ ló ń jáde," mo wí.

Mo gbé ẹní rẹ̀ ti ààrò tí mo fi ń yan ẹja, mo fi búláńkẹ́ẹ̀tì méjì bò ó, mo koná. Bó ṣe ń làágùn ni mo ń sọ nínú ara mi pé, ó ń jáde, ó ń jáde. Àmọ́ mo ń dìde lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láti gbọ́ bóyá ó ń mí. Orin kúrò lẹ́nu mi. Mi ò mọ ìgbà tó lọ.

Ọjọ́ kẹta, ó sunkún. Ọkùnrin ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, bàbá ọmọ méjì. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì ní ó ń wo ọ̀pọ̀ èèyàn sàn. Èmi nìkan ni kò gbà lára mi. A jẹ́ pé èmi gan-an ni mo bàjẹ́, Màmi, kì í ṣe oògùn."

Mo la ẹnu pé kí n sọ fún un, ojú tì mí, mo pa á dé. Mo ní kó mu omi gbóná.

Ọjọ́ kẹrin, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, mo kọjú sí ààrò, mò ń yí ẹja. Mo wẹ̀yìn. Búláńkẹ́ẹ̀tì méjì ló wà lórí ẹní. Kò sí Àyúbà.

Mo wo ilé ìyàgbẹ́. Mo wo ẹ̀yìn odi. Mo ń pè é, ohùn mi ń já. Ibẹ̀ ni Nùsírátù bá mi, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde nìyẹn, báàgì ṣì wà lórí ẹ̀.

"Màmi, ẹ kú ilé. Àyúbà ńkọ́?"

Ó wo ẹní tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó wò mí, ó sọ báàgì kalẹ̀, ó fa fóònù yọ. Ó pe nọ́ọ̀sì, ó sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde kí èmi náà lè gbọ́.

"Màmá," ni nọ́ọ̀sì wí, "ṣé ó lo oògùn ẹ̀ láàárọ̀ yìí?"

"Ó lò ó."

"Lánàá ńkọ́?"

"Ó lò ó."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni ká ní kò lò ó. Ẹni tí wọ́n ti ń dín in kù fún, tó wá dáwọ́ dúró pátápátá, ara ẹ̀ kì í lè ru ẹrù tó ń rù tẹ́lẹ̀ mọ́. Tó bá padà gbé mẹ́rin mì lẹ́ẹ̀kan bíi ti àtijọ́, gìrì lè gbé e, èémí ẹ̀ lè dúró. Tó bá wá jẹ́ inú omi ló wà..."

Kò parí ẹ̀. Mo jókòó sórí igi Adétutù.

"Nọ́ọ̀sì, kò lò ó. Ọjọ́ kẹrin rèé. Panadó ni mo ń fún un. Mo da tiyín sómi."

Nùsírátù kàn ń wò mí. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn.

Ohùn nọ́ọ̀sì ò yí padà. Ó ní, "Màmá, ẹ má jókòó sunkún. Ẹ wá a. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ má bú u, ẹ má lù ú, òótọ́ ni kẹ́ ẹ sọ fún un. Tó bá ti gbé e mì, tó ń sùn tí kò jí, ẹ jẹ́ kó fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, ẹ sáré gbé e bọ̀. Ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má da omi lé e lórí. Mo ń bọ̀ wá bá yín ní èbúté."

A sáré. Èmi tí mò ń fi ọ̀pá rìn, mo gbàgbé ọ̀pá. Ní èbúté yanrìn, Akínọ̀ṣọ́, olórí àwọn tó ń wa yanrìn, ń fi agolo gbọ́n omi inú ọkọ̀ rẹ̀. Ó rí mi, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin náà ti fẹ́ máa wa yanrìn ni, Ìyá Àyúbà? A ò ní garawa ìyá àgbà níbí o!"

Ó rí ojú Nùsírátù, ẹ̀rín náà kú.

"Àyúbà ti kọjá. Ó ní òun fẹ́ lọ wo àkàbà òun. Mo ní ṣé ara ti yá, ó ní ó ti yá, àmọ́ eyín ẹ̀ ń gbá ara wọn."

"Ṣé ó ra nǹkan?" Nùsírátù bi í.

Akínọ̀ṣọ́ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Ìyàwó wa, ta ni kì í rà á níbí? Ó ra mẹ́rin."

A wọ ọkọ̀. Akínọ̀ṣọ́ ń fi àjẹ̀ wà wá, èmi ń fi ọwọ́ òfìfo wa omi bí ẹni tó ya wèrè. Àwọn àkàbà dúró lórí ọ̀sà bí igi gbígbẹ, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Mo ń kà wọ́n, mo ń ṣì í kà. Nígbà tó yá, Nùsírátù nàka. Ọkọ̀ Àyúbà rèé. Kò sẹ́nì kankan nínú ẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ ti mọ ohun tó ṣe mí. Mi ò ní ṣàlàyé ẹ̀.

Ọkọ̀ wa yí díẹ̀, la bá rí i. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló wà, lórí àkàbà, omi dé ìbàdí ẹ̀, garawa wà lọ́wọ́ kan. Ó fi eyín di ọ̀rá kékeré kan mú kí omi má baà kàn án.

"Àyúbà!"

Ó gbé garawa kọ́ àkàbà, ó mú ọ̀rá náà kúrò lẹ́nu. "Màmi, ẹ padà sílé. Ẹ ti ṣe tiyín, nọ́ọ̀sì ti ṣe tiẹ̀. Kò gbà lára mi. Ẹ jẹ́ n lo èyí tó ń gbà, kí n fi wá oúnjẹ àwọn ọmọ mi."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rá náà. Kókó tó ta sí i le débi pé kò tètè tú. Nùsírátù ń pè é wúyẹ́wúyẹ́, "Bàbá Waliyat, jọ̀ọ́, jọ̀ọ́." Èmi mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Ẹ̀yin àgbà, ó rọrùn fún yín láti sọ fún ọmọ yín, lójú ìyàwó ẹ̀, lójú ọ̀gá ẹ̀, pé ẹ ṣìṣe? Ahọ́n mi wúwo ju garawa yanrìn lọ. Ọ̀rá tú. Mo rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀.

"Panadó ni!" ni mo ké.

"Kí ni Panadó?"

"Èyí tí mò ń fún ọ láti ọjọ́ mẹ́rin. Mo da ti nọ́ọ̀sì sómi, mo fi Panadó rọ́pò ẹ̀. Kì í ṣe pé ìwòsàn ò gbà lára ẹ, ọmọ mi. Èmi ni mo gba ìwòsàn lọ́wọ́ ẹ."

Akínọ̀ṣọ́ gbé àjẹ̀ sókè, kò tì í bọ omi. Omi ń kán lára ẹ̀, tó, tó, tó.

Àyúbà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dára. "Panadó! Mo ti ń ro ẹni tó máa bá mi tọ́ àwọn ọmọ. Panadó! Màmi, ẹ gbé mi ti ààrò bí ẹja!"

"Mo gbé ọ tì í."

"Fún ọjọ́ mélòó!"

"Ọjọ́ méjì, ọmọ mi. Ojú ń tì mí."

Ẹ̀rín dákẹ́. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó wò ó, ó wò ó. Ara rẹ̀ ṣáà ń fẹ́ ẹ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ó rọrùn; mo rí i bí ọ̀fun rẹ̀ ṣe gbé itọ́ mì. Ọwọ́ náà gòkè díẹ̀. Ó dúró.

"Nùsí, sún mọ́bí. Gba nǹkan yìí lọ́wọ́ mi kíákíá kí n tó yí ọkàn padà."

Nùsírátù fẹ́rẹ̀ẹ́ da ọkọ̀ dé kó tó gbà á.

Nọ́ọ̀sì ti dúró ní èbúté, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ẹrẹ̀ bo bàtà ẹ̀. A wọ kẹ̀kẹ́ márúwá lọ sí ilé ìlera. Dókítà tún un wò, ó bẹ̀rẹ̀ ìdínkù náà lákọ̀tun pẹ̀lú èyí tó kéré, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó sùn, oorun gidi, nọ́ọ̀sì kó èmi, Nùsírátù àti Akínọ̀ṣọ́ jókòó. Mo ti múra fún èébú.

"Màmá, èmi náà jẹ̀bi," ló wí. "Mo bi yín bóyá ó yé yín. Ó yẹ kí n ní kẹ́ ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́ fún mi. Ó yá. Kí ló dé tá ò kàn jẹ́ kó jù ú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan?"

Mo ronú. Mo ní, "Ẹni tó gbé agbada epo gbígbóná kúrò lórí iná, kì í jù ú sílẹ̀. Á rọra sọ̀ ọ́ ni. Tó bá jù ú, á ta sí i lára."

Ó ṣí ojú sílẹ̀. "Mi ò lè sọ ọ́ báyẹn láé! Ṣé àìnítìjú ló ń ṣe é?"

"Àìsàn ni. Ojú ń tì í jù pàápàá. Ìtìjú yẹn ló gbé e lọ sórí omi."

"Ìbúra ńkọ́?"

Akínọ̀ṣọ́ ló dáhùn. "Nọ́ọ̀sì, èmi ti búra lẹ́ẹ̀mẹta." Ó wolẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Tó bá wá tún lò ó lọ́jọ́ kan?"

Mi ò mọ ìyẹn. Mo ní, "Kò yé mi." Ẹ gbà mí gbọ́, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ fún ọmọdé nìyẹn láyé mi, ilé ò sì wó.

Ó ní, "Ẹ ò ní lé e, ẹ ò ní sọ pé gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ máa mú un padà wá ni, kíá, bí ẹni tí ibà tún mú."

Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Nígbà òjò, ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Òun fúnra ẹ̀ ló jí láàárọ̀, tó ní, "Màmi, mo lò ó lánàá, ẹ bá mi lọ." Mo mú un lọ kíá. A tún bẹ̀rẹ̀. Kò sọ̀kalẹ̀ sínú omi mọ́. Akínọ̀ṣọ́ fi í sí orí ilẹ̀, òun ló ń bójú tó yanrìn tó ń wọ tírélà.

Ọjọ́ tí dókítà ní ìlàjì oògùn tó gbẹ̀yìn ti parí, mo se oúnjẹ. Ọ̀bọ̀kún tútù nínú ata, ẹ̀bà funfun, ìrẹsì fún àwọn ọmọ. Akínọ̀ṣọ́ kó àwọn tó ń wa yanrìn mẹ́fà wá. Mo rí méjì nínú wọn tí wọ́n fa nọ́ọ̀sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí wọ́n ń bi í pé ọjọ́ wo ni dókítà máa ń wá. Akínọ̀ṣọ́ fúnra ẹ̀ ti bi í ṣáájú wọn. Adétutù náà dé, ó jókòó síbi tí ẹran ẹja pọ̀ jù.

"Mo ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀ pé ó máa yá," ló wí.

Àyúbà ní, "Ìyá onígi, ẹ jẹun. Tí ẹnu yín bá kún, ìmọ̀ràn ò ní rí ọ̀nà jáde."

Ẹ̀rín pa wá. Mo gbé orin, wọ́n gbè é, wọ́n ń fi ṣíbí lu àwo:

*Ọmọ mi ń bẹ lókè omi o, ó ń bẹ,*
*Ó jẹun, ó yó, ó ń bẹ,*
*Ọ̀la ń bọ̀, a ò tíì rí i,*
*Tòní ni mo rí, ó ń bẹ!*

Nígbà tí oòrùn rẹlẹ̀, nọ́ọ̀sì gbé ike ọbẹ̀ kan dání lọ sí Thomas Estate. Àwọn ọlọ́yanrìn lọ, wọ́n ń fi ọwọ́ pa ikùn. Adétutù di ẹ̀bà sínú ewé, ó ní fún aládùúgbò òun ni, a sì mọ aládùúgbò náà. Nùsírátù pọn ọmọ kékeré, Àyúbà di Waliyat lọ́wọ́ mú, wọ́n forí lé ilé wọn. Kò sẹ́ni tó lọ pẹ̀lú ebi.